SummerSlam 1992 ní Wembley: ìjà àwọn àna méjì ló gbé gbogbo ètò náà

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni kí òun kọ́kọ́ wò nínú àwọn ètò ìjàkadì àtijọ́ orí tẹlifíṣọ̀n, SummerSlam ọdún 1992 ni mo máa ń dárúkọ. Kì í ṣe pé gbogbo rẹ̀ ló dára o. Àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí èèyàn fò kọjá, ibì kan sì wà tí inú mi kì í dùn sí rárá. Ṣùgbọ́n ìjà tí wọ́n fi kádìí rẹ̀, láàárín Bret Hart àti Davey Boy Smith tí gbogbo ayé ń pè ní British Bulldog, mi ò tíì rí èyí tó jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ láti kékeré ni mo ti ń wo ìjàkadì.

Ọjọ́ Sátidé, 29 oṣù kẹjọ ọdún 1992, ni WWF, ilé iṣẹ́ ìjàkadì Amẹ́ríkà (orúkọ tí WWE ń jẹ́ nígbà náà), kó ẹrù rẹ̀ wọ pápá ìṣeré Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò tíì sí ìgbà kankan ṣáájú ọjọ́ yẹn tí wọ́n gbé irú ètò ńlá bẹ́ẹ̀, èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń sanwó wò nílé, jáde kúrò ní Àríwá Amẹ́ríkà. Èèyàn 80,355 ni wọ́n kéde pé ó wà níbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fúnra wọn kò rí i títí di ọjọ́ Ajé, 31 oṣù náà.

Ohun tó kọ́kọ́ máa wọ èèyàn lójú ni ojú ọjọ́. Wembley àtijọ́ kò ní òrùlé lórí pápá rẹ̀. Nígbà tí ìjà àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, ojúmọ́ ṣì wà gbangba, ẹ óò rí àwọn òǹwòran títí dé ìjókòó tó jìnnà jù. Nígbà tí ètò náà fi máa dé ìjà oníjàkadì tó ń jẹ́ Undertaker, ilẹ̀ ti ń ṣú. Nígbà tí Bret àti Davey bá máa wọlé, òkùnkùn ti bo ibi gbogbo, ó wá ku iná tó tàn sórí ríìngì. Inú gbọ̀ngàn tí wọ́n ti sé pa ni wọ́n sábà máa ń jà ní Amẹ́ríkà, alẹ́ àti ọ̀sán kò sì yàtọ̀ síra níbẹ̀. Ti Wembley ń dàgbà bó ṣe ń lọ, èèyàn á mọ̀ lára pé ohun ńlá kan ń bọ̀.

Àbúrò bàbá mi ló ni ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Kútọ̀, ní Abẹ́òkúta, èmi ni mo sì máa ń bá a dúró níbẹ̀ tí a bá ti jáde iléèwé. Àwọn kásẹ́ẹ̀tì ìjàkadì tó ń ti Amẹ́ríkà wá máa ń yọ wá lẹ́nu. Ìlànà tí wọ́n ń pè ní NTSC ni wọ́n fi ń ká àwòrán sórí tépù lọ́hùn-ún, PAL ni tiwa ní Nàìjíríà. Bí o bá ti i bọ inú ẹ̀rọ, àwòrán lè máa yí gbirigbiri, tàbí kó di dúdú àti funfun, oníbàárà á sì ní kí o dá owó òun padà. Ti SummerSlam yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Silver Vision, ilé iṣẹ́ tó ń ta fídíò WWF ní ìlú Ọba, ló ṣe é jáde, PAL sì ni ìlú Ọba náà ń lò. Ó mọ́ kedere. Aṣọ píǹkì Bret Hart, àsíá ìlú Ọba lára Bulldog, gbogbo rẹ̀ dá ṣáká lójú tẹlifíṣọ̀n.

Wọ́n yá a, wọ́n yá a, títí tépù náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ìlà funfun á máa sá kọjá, ohùn á máa rì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe níbi gbogbo! Ìparí rẹ̀ nìkan ló rí bẹ́ẹ̀, láti ibi tí Bret ti ń rìn bọ̀. Àwọn oníbàárà á wò ó tán, wọ́n á yí tépù sẹ́yìn, wọ́n á tún wò ó, kí wọ́n tó gbé e padà wá fún wa. Lójú tèmi, ẹ̀rí tó wà lára tépù yẹn ju ìyìn tí oníròyìn kankan lè kọ.

Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ti àwọn ìjà kéékèèké. Legion of Doom, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni méjì, gun alùpùpù wọlé, pápá pariwo, wọ́n sì na ẹgbẹ́ Money Inc. Ìbẹ̀rẹ̀ tó dáa nìyẹn. Nailz àti Virgil, ẹ fò ó. Crush àti Repo Man, ẹ fò ó. Natural Disasters àti Beverly Brothers, bí ẹ bá fẹ́ lọ bu omi mu, àsìkò yẹn ni kí ẹ lọ.

Ẹ má fo ti Shawn Michaels àti Rick Martel o. Bọ́ọ̀sì, ìyẹn ẹni ibi inú ìjà, ni àwọn méjèèjì, kò sí áktọ̀, ìyẹn ẹni rere, níbẹ̀, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó ojú tiwọn. Wọ́n wá ṣe àdéhùn pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá ẹnì kejì rẹ̀ lójú. Ẹ mọ̀ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í dúró. Sherri, obìnrin tó wà láàárín wọn, dákú sílẹ̀, àwọn ọkùnrin méjèèjì jà dé ìta, rẹfirí ka àwọn méjèèjì jáde torí wọn ò tètè padà wọlé, Martel sì gbé omi ó dà á lé Sherri lórí. Kò sí ọgbọ́n ìjà ńlá kan níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ iṣẹ́ wọn dọ́ba.

Randy Savage àti Ultimate Warrior ló jà lórí bẹ́líìtì tó ga jù, mo sì gbà pé àwọn èèyàn kì í yin ìjà yìí tó bó ṣe yẹ. Áktọ̀ ni àwọn méjèèjì, èyí ló mú un ṣòro fún wọn, torí pé òǹwòran kò mọ ẹni tí òun máa gbè lẹ́yìn. Oníjàkadì Ric Flair àti Mr. Perfect tó ń bá a rìn ti tan ọ̀rọ̀ ká pé ọ̀kan nínú Savage àti Warrior ni Perfect máa dúró tì, wọn ò sì sọ èwo. Iyèméjì yẹn wà lójú Savage láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹ wo bó ṣe ń gun orí igun ríìngì, tó ń wo ẹ̀yìn kó tó fò. Nígbà tó yá, Flair fi àga lù ú lórúnkún níta, kò lè padà wọlé kí rẹfirí tó ka mẹ́wàá. Warrior jáwé olúborí, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì kì í ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì nípa kíkà síta, ọwọ́ Savage náà ló kù sí. Ìparí yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn títí di òní. Ìjà tó tó bẹ́ẹ̀ yẹ kó ní ẹni tó fi ẹ̀yìn balẹ̀.

Apá tí inú mi kì í dùn sí ni ti Kamala. WWF ní ọmọ Uganda ni. Wọ́n kun ìràwọ̀ àti òṣùpá sí i láyà àti níkùn, wọ́n rán an jáde láìwọ bàtà, wọn ò jẹ́ kó sọ gbólóhùn kan, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kim Chee ló ń darí rẹ̀ kiri bí ẹran ọ̀sìn. James Harris ni orúkọ rẹ̀ gan-an, ìpínlẹ̀ Mississippi ni wọ́n ti bí i. Lọ́jọ́ yẹn náà, kí apá tí wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀, Papa Shango, ẹni tí wọ́n fi ẹfun ya agbárí òkú sí lójú, tí wọ́n ní oníṣẹ́ vòódù ni, ti bá Tito Santana jà. Vòódù tí àwọn èèyàn Bẹ̀nẹ̀ ń sìn bí bàbá wọn ṣe sìn ín, ó wá di nǹkan tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Ó dùn mí fún Harris jù, torí ọkùnrin ńlá tó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn lójú ìjà ni. Àtọ̀gbẹ gba ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì nígbẹ̀yìn, ó sì kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ní ti Undertaker tó bá a jà, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń gbé òkú ló gbé e wọ pápá bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ́jọ́ yẹn, àwòrán yẹn ṣì lágbára. Ẹ wo ìyẹn, kí ẹ sì máa lọ.

Ẹ wá jẹ́ ká dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà.

Davey Boy Smith jẹ́ ọmọ Golborne, nítòsí Wigan, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó lọ sí Calgary ní Kánádà, ó bọ́ sọ́wọ́ Stu Hart, bàbá àgbà tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìjàkadì nínú yàrá abẹ́ ilé rẹ̀. Ọmọ Stu ni Bret. Ọmọ Stu náà ni Diana, Davey sì fẹ́ ẹ ní ọdún 1984. Nítorí náà, ẹ̀gbọ́n ìyàwó àti ọkọ àbúrò ló ń jà lórí Intercontinental, bẹ́líìtì kejì WWF, ìyàwó sì wà níjòókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ríìngì, ó ń sunkún.

Kò sí ẹni tó nílò kí wọ́n túmọ̀ èyí fún òun ní ṣọ́ọ̀bù wa. Ní tiwa, ẹni tó fẹ́ àbúrò rẹ, ìdọ̀bálẹ̀ ló fi ń kí ọ. Àwọn ìyá tí kì í wo ìjàkadì rárá a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà wo èyí, wọ́n á máa bi wá pé, “Ṣé àna rẹ̀ ló ń lù bẹ́ẹ̀ yẹn?” Ọ̀rọ̀ ilé ni, ó sì yé ẹni gbogbo.

WWF ṣe ohun kan tó gba ìgboyà. Wọ́n fi bẹ́líìtì kejì ṣe ìjà ìkẹyìn, lẹ́yìn ti bẹ́líìtì àgbà, torí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo pápá náà wá wò. Lennox Lewis tó ń kan ẹ̀ṣẹ́ ló gbé àsíá ṣáájú Davey wọlé. Ariwo yẹn, kódà láti inú tépù tó ti gbó, a máa mì èèyàn láyà.

Bret ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀, Davey gbàgbé gbogbo ohun tí àwọn jọ ṣètò, èémí rẹ̀ sì tètè tán, etí ni òun ń sọ ohun tó kàn sí i títí wọ́n fi parí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, kí ẹ wá wo Bret. Ẹ wo bó ṣe ń fún Davey lọ́rùn, tó sì ń fi irun bo ẹnu ara rẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá gbá a mú mọ́lẹ̀, ó ń jẹ́ kó mí ni. Síbẹ̀, ẹni tó ń wò kò mọ̀. Bret tún ń ṣe bọ́ọ̀sì díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ níbi tí kò yẹ, kí pápá lè kórìíra òun, kí wọ́n lè fẹ́ràn Davey sí i. Bó ṣe sọ ara rẹ̀ di ẹni ìkórìíra nítorí ọkọ àbúrò rẹ̀, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 25, ni mo ṣe ní mi ò rí irú rẹ̀.

Davey gbé e sáré, ó là á mọ́lẹ̀, ohun tó máa ń fi parí gbogbo ìjà rẹ̀. Bret kò gbà, ó gbé èjìká kúrò nílẹ̀ kí rẹfirí tó ka mẹ́ta. Bret lọ́ ẹsẹ̀ Davey méjèèjì pọ̀, Davey wọ́ dé ìdí okùn. Lẹ́yìn náà, Bret fẹ́ fò kọjá lórí rẹ̀ kí ó fà á ṣubú sẹ́yìn, Davey bá jókòó lé e láyà, ó há ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ abẹ́ apá, rẹfirí sì ka ẹyọ kan, èjì, ẹ̀ta. Ó yá tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi máa ń yí tépù sẹ́yìn.

Davey na ọwọ́. Bret kọ̀, ó yíjú. Ó tún yíjú padà, ó gbà á, ó gbá a mọ́ra. Diana wọlé, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dúró láàárín, iná aláràbarà ń bẹ́ lójú ọ̀run.

Bẹ́líìtì náà kò pẹ́ lọ́wọ́ Davey. Oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n pé Shawn Michaels ti gbà á, kó sì tó di ìparí ọdún, Davey ti kúrò ní WWF. Bret gba bẹ́líìtì àgbà lọ́wọ́ Flair, tó ti gbà á lọ́wọ́ Savage, ní Saskatoon ní 12 oṣù kẹwàá. Davey kú ní ọdún 2002, ọmọ ọdún 39.

WWE kò tún ṣe irú ètò ńlá bẹ́ẹ̀ ní pápá ìṣeré ní ìlú Ọba títí di 3 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ní Cardiff. Drew McIntyre, ọmọ Scotland, ni pápá wá gbè, Roman Reigns sì ni wọ́n jẹ́ kó borí. Mo wo ìjà yẹn dópin, ìjà tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣètò rẹ̀ kò fún àwọn òǹwòran ní ohun tí wọ́n bá wá, èyí tí ti Wembley fún wọn. Ẹni tí kò bá ní àkókò fún gbogbo SummerSlam 1992, kó wo Michaels àti Martel, kó wo Savage àti Warrior, kó wá fi ọkàn balẹ̀ wo ti ìkẹyìn láti ibi tí Lennox Lewis ti ń gbé àsíá bọ̀.