Gọ́ọ̀mù tí ó ya àtàǹpàkò mi sára ọkọ̀ òfurufú

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú tí ó kọjá, mo ṣí abọ́ ike tí mo fi bo ọkọ̀ òfurufú oníke kéékèèké mẹ́fà tí mo fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹsẹ̀ wọn lórí tábìlì mi ní alẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú, ohun tí mo sì kọ́kọ́ rí ni àtàǹpàkò ara mi. Ilà rẹ̀ tò wínníwínní ní funfun lára apá ọkọ̀ kan, ó hàn kedere tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi mọ ibi tí ọ̀bẹ ti gé mi nígbà èwe. Àwọn márùn-ún yòókù ti ṣú bí ojú ọ̀run ìgbà ọyẹ́.

Ọmọ àbúrò mi tí ó ń gbé ní London ni ó fi páálí náà ránṣẹ́ sí mi ní Òṣogbo. Ọkọ̀ ojú omi ogun tí ń gbé ọkọ̀ òfurufú ni ó wà nínú rẹ̀, a ó fi ọwọ́ tò ó pọ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì ti dín kù ní ìlọ́po 700. Ọkọ̀ òfurufú Zero ti ilẹ̀ Japan, tí apá rẹ̀ méjèèjì fẹ̀ tó mítà 12 nígbà ayé rẹ̀, ti di mìlímítà 17. Ẹyọ ẹ̀wà méjì tí a tò tẹ̀lé ara wọn ti gùn tó o. Ike tí ó mọ́ gaara ni wọ́n fi ṣe é, kí ẹni tí ó bá ń kùn ún lọ́dà lè fi ibi ìjókòó awakọ̀ sílẹ̀ láìkùn, kí ìmọ́lẹ̀ sì máa gba ibẹ̀ kọjá. Bí ike yẹn bá ti ṣú, a kò ní ọkọ̀ òfurufú mọ́.

Ilé ìtajà kan ní Òkè-Fíà ni mo ti ra gọ́ọ̀mù onígò kékeré náà, irú èyí tí wọ́n ń pè ní super glue, ní ₦1,800. N kò lọ ní ọwọ́ òfo. Mo fi ọkọ̀ kan sínú páálí ìṣáná, mo gbé e sórí káńtà, mo sì bi ọmọkùnrin tí ń tajà níbẹ̀ bóyá gọ́ọ̀mù náà kò ní ba irú ike yìí jẹ́. Kò bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ó ní, “Sà, èyí mọ́ gaara. Bí ẹ bá lò ó, ẹ kò tilẹ̀ ní rí ibi tí ẹ fi í sí.” Mo tún ìbéèrè mi ṣe; ó yí ìgò náà padà, ó fi àwòrán ife gíláàsì hàn mí lẹ́yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó mú rúlà tí ó ti kán sí méjì, ó kán gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i, ó sì ní kí n fà á. Mo fà á títí, kò já. Bí mo ṣe sanwó nìyẹn.

Òótọ́ ni ọmọ náà sọ o. Gọ́ọ̀mù náà fúnra rẹ̀ mọ́ gaara. Ike tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni kò mọ́ mọ́. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí irú gọ́ọ̀mù yìí gan, èéfín tí ojú kò rí sì máa ń jáde lára rẹ̀ kí ó tó gan tán, tí yóò lọ bà lé ibi tí ó bá sún mọ́ ọn, tí yóò sì di funfun. Òjò ti rọ̀ ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi náà sì tún fi abọ́ dé e mọ́lẹ̀ nítorí ọmọńlé, èéfín kò rí ọ̀nà jáde. Àwọn ọlọ́pàá tí ń wádìí ọ̀ràn máa ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀: wọ́n á gbé ohun tí wọ́n fura sí sínú àpótí, wọ́n á mú gọ́ọ̀mù yìí gbóná níbẹ̀, ilà ìka ọ̀daràn yóò sì fara hàn. Ní 1942, nígbà tí Harry Coover àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ Kodak ní Amẹ́ríkà ń wá ike gaara tí wọn yóò fi ṣe ohun ìfojúsùn ìbọn, ni wọ́n kan èròjà rẹ̀, wọ́n sì pa á tì nítorí pé gbogbo nǹkan ni ó ń lẹ̀ mọ́. Ọdún 1958 ni ó tó di ohun títà.

Ní ọjọ́ Ajé, mo kó àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà lọ. Ọmọkùnrin náà gbé ọ̀kan sókè sí gílóòbù, ó fi èékánná ti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò, ó ní, “Ó lẹ̀ dáadáa, sà.” N kò rántí ìgbà tí inú ti bí mi tó bẹ́ẹ̀ rí. Ó ní bóyá mo dà á púpọ̀ jù. Mo ní ẹnu igi ìtayín ni mo fi mú un. Ó ní bóyá ike náà ni kò dára. Ariwo mi ni ó mú Alhaja tí ó ni ilé ìtajà náà jáde láti ẹ̀yìn.

“Dádì, ẹ jókòó ná.” Obìnrin yìí bẹ̀rẹ̀ wò ó ní tirẹ̀. Ó wo apá ọkọ̀ náà pẹ́, ó wo ìgò, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní àwọn tí ń lẹ òkúta mọ́ léèsì ti fi ẹjọ́ gọ́ọ̀mù yẹn sùn ún tipẹ́, pé òkúta tí ń dán máa ń ṣú tí wọ́n bá ti fi lẹ̀ ẹ́. Ó fún mi ní gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, kò gba owó rẹ̀, ó sì kọ́ mi pé kí n má fi ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Mo dúpẹ́ gidigidi. Ojú ọ̀nà Ọláìyá ni ó tó sọ sí mi lọ́kàn pé obìnrin tí ó mọ gbogbo èyí kò sọ ọ́ fún ọmọ tí ó fi sídìí káńtà, kò sì mẹ́nu kan ₦1,800 mi.

Omi ni ó wà nínú gọ́ọ̀mù funfun yìí, nítorí náà kò ní ohun tí yóò fi jẹ ike. Mo gé ẹyọ ìgbálẹ̀ kan lẹ́nu, mo fi kán an sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mẹ́rin tí ó ṣẹ́kù nínú páálí. Ó funfun bíi wàrà, ó sì mú kí n bẹ̀rù. Nígbà tí yóò fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, n kò rí ibi tí mo fi í sí mọ́. Kò lágbára púpọ̀, bí a bá fi ìka ta ẹsẹ̀ náà yóò yọ, ṣùgbọ́n ta ni yóò máa fi ìka ta á? Ohun tí ó yọ mí lẹ́nu ni pé ó ti pẹ́ lórí pẹpẹ Alhaja, ọmọrí rẹ̀ ti gan mọ́ ẹnu ìgò, pínsà ni mo fi ṣí i.

Àwọn kan yóò ní kí n lo èyí tí àwọn tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí ń lò, irú Tamiya Extra Thin. Yíyọ́ ni ó ń yọ́ ike kí ó tó so ó pọ̀, ó sì dára púpọ̀ fún ara ọkọ̀ ojú omi náà. Ẹ̀kán kan tí ó bá ṣèèṣì ṣàn sórí ike gaara yóò fi ojú ọ̀nà sílẹ̀ títí láé. Ti àwọn mẹkáníìkì, oní-túùbù méjì dúdú àti funfun, eérú ni àwọ̀ rẹ̀ ń dà.

Mo fún gọ́ọ̀mù onígò kékeré náà ní 4 nínú 5, nítorí mo ti fi lẹ okùn bàtà ìyàwó mi, kò sì tíì já. Mo fún ilé ìtajà náà ní 2. Ọṣẹ ìfọyín àti òwú ni mo fi ń ra àwọn ọkọ̀ tí ó ṣú, mẹ́ta ti ń dán padà díẹ̀díẹ̀. Èyí tí àtàǹpàkò mi wà lára rẹ̀ ni n kò fọwọ́ kàn.