Ọ̀dà góòlù alágolo àbí bébà idẹ: èwo ló dáa fún yẹtí igbá?

Ọ̀kún o, ẹ̀yin èèyàn mi ní Kàbà, Ìsánlú àti Mọ̀pà. Ọ̀nà méjì ni mo ń gbà sọ yẹtí igbá di bíi góòlù.

Ọ̀dà alágolo tí a ń fín yá, kò sì wọ́n, ẹ kàn fi sanpépà ha igbá yẹn kó dán, ẹ jìnnà sí i tó rúlà kan, ẹ fín in fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì-mẹ́ta, torí tó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ó máa ṣàn ni. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é o, àmọ́ tí ọyẹ́ bá ń fẹ́, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn.

Bébà idẹ, ìyẹn idẹ tí wọ́n sọ di fẹ́lẹ́ bíi bébà, ni mo fẹ́ràn jù. Bàbà àti síńkì ni wọ́n fi ṣe é, idẹ gidi ni, ìyẹn ló ṣe ń dán bí ẹ̀gbà ọwọ́ àwọn ìyá wa àtijọ́. Ẹ fi gúlù kun igbá, ẹ dúró títí á fi máa lẹ̀ mọ́ ìka díẹ̀ kẹ́ ẹ tó tẹ́ bébà lé e. Ó gba sùúrù, bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ ò bá fi fáníìṣì bò ó, òógùn á sọ ọ́ di dúdú, mo pàdánù oníbàárà kan torí ìyẹn, ó sì dùn mí gan-an. Tó bá jẹ́ ti ìyàwó, bébà ni mo máa lò.