Wọ́n yẹ ilé wò fún mi kí n tó rà á ní Ìkòròdú: ojú ìwé 38, àti òjò oṣù kẹfà

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún ni mo fún àwọn tó bá mi yẹ ilé náà wò. Ìyàwó mi ní méjì ló tọ́ sí wọn. Àbúrò mi ọkùnrin ní kí n fún wọn ní mẹ́rin, pé òun ò rí ohun tí wọ́n ṣe tí kò dáa. N kò ní dárúkọ wọn, torí wọn ò lù mí ní jìbìtì. Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn máa ṣe náà ni wọ́n ṣe. Ibi tí iṣẹ́ ọ̀hún parí sí ni mi ò mọ̀ títí òjò fi dé, òun ni mo sì fẹ́ sọ fún ẹni tó bá ń kó owó jọ láti ra ilé tí wọ́n ti kọ́ tán.

Búńgálò yàrá mẹ́ta ni, ní ìsàlẹ̀ Ẹbúte, níbi tó jẹ́ pé tí atẹ́gùn bá fẹ́ lálẹ́, òórùn ọ̀sà ló máa ń gbé wá bá èèyàn. Bàbá tó kọ́ ọ ti lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Kánádà, ilé náà sì ti wà lófìfo fún oṣù márùn-ún. Mílíọ̀nù 31 náírà ni wọ́n pè é. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ní ọ̀dà tuntun, ó ń dán, ó ń wu ojú.

Ìyàwó mi ló ní a ò ní san kọ́bọ̀ àfi tí íńjíníà bá kọ́kọ́ wò ó. Láti ìgbà tí ilé alájà 21 yẹn ti wó ní Ìkòyí lóṣù kọkànlá ọdún 2021 ni ọ̀rọ̀ ilé ti ń já a láyà. Mo ní búńgálò mà ni à ń rà. Ó ní, "Ṣé búńgálò kì í wó ni?" Mo dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n la ohun kan yé yín ná, torí ọ̀pọ̀ wa ló ń dà á pọ̀. Tí ẹ bá dárúkọ sọ́fè fún èèyàn ní Ìkòròdú, ìwé awọ̀nlẹ̀ lọkàn rẹ̀ máa lọ sí: ìwé tó fi píílà (àmì ààlà ilẹ̀) hàn, tí wọ́n máa ń gbé lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà. Ìyẹn lọ́tọ̀. Estate surveyor tó ń díye lé ilé, òun náà lọ́tọ̀. Ẹni tí mò ń sọ níbí ni ẹni tó ń yẹ ara ilé wò: ògiri, òrùlé, wáyà, páìpù. Mo san owó awọ̀nlẹ̀ àti ti lọ́yà lọ́tọ̀, wọ́n gbé ìwé lọ gbé e bọ̀, wọ́n ní kò sí ìjọba nínú rẹ̀, kò sì sí ọmọ onílẹ̀ tó yọ wá lẹ́nu. Mo rò pé mo ti ti gbogbo ilẹ̀kùn pa.

Oṣù kìíní ni wọ́n wá, nínú ọyẹ́. 180,000 náírà. Íńjíníà kan, àti ọmọkùnrin kan tó ń bá a gbé báàgì. Aago mẹ́wàá ku ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n wọlé, ó ti kọjá aago kan kí wọ́n tó jáde, wọn ò sì jókòó. Èmi náà ń tẹ̀ lé wọn kiri bí ọmọ tó ń tẹ̀ lé babaláwo. Ó fi ẹ̀rọ kékeré kan tó ní ẹ̀gún méjì gún ògiri láti mọ̀ bóyá ó ní ọ̀rinrin. Ó ti òòlù kan tó ní sípíríǹgì mọ́ ara òpó iwájú ilé, ó ń ta kọ́, ó ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀. Mo bi í pé kí ni nọ́ńbà yẹn ń sọ. Ó ní bí ojú kọnkéré ṣe le tó ló ń sọ. Irin tó wà nínú rẹ̀, bóyá ó tóbi, bóyá ó ti dípẹtà, kò sọ ìyẹn. Mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ ọ dénú.

Kí n má purọ́ mọ́ wọn, ibi tí ojú wọn tó, ó tó o dáadáa. Ó tú sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá ńlá, ó fi wáyà hàn mí: wáyà 1.5 tí wọ́n fi ń tan iná lásán ni wọ́n fi gbé iná fún AC, ara rẹ̀ sì ti ń dúdú. Kò sí wáyà ilẹ̀ (earth) kankan nínú gbogbo ilé. Ó rí i pé fáṣíà (pákó etí òrùlé) ẹ̀yìn ilé ti jẹrà, pé ògiri kíṣíìnì là ní àtẹ̀gùn-àtẹ̀gùn láti igun fèrèsé dé ilẹ̀, ó sì wọn ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, wọ́n fi ojú ìwé 38 ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, àwòrán kún inú rẹ̀. Mo gbé e lọ bá àǹtí tó ń bá bàbá tà á, a na ọjà náà, ilé mílíọ̀nù 31 wálẹ̀ sí 28.5. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi ń sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ mẹ́rin. Ta ló ń náwó 180,000 tó ń gba mílíọ̀nù méjì àbọ̀ padà?

A kó wọlé lóṣù kẹrin. Kò sí wàhálà.

Lóṣù kẹfà, òjò rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ọmọ mi obìnrin kígbe láti balùwẹ̀. Ihò tí omi ìwẹ̀ ń gbà lọ ló ń pọ omi náà padà, ó dúdú, ìfóófòó ọṣẹ àná ṣì wà lórí rẹ̀. Tọ́lẹ́ẹ̀tì ń dún gúlúgúlú bí ìgò tí wọ́n rì bọ omi. A pe ọkọ̀ tó ń fa kòtò. Mo dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n ṣí ìdérí sókáwéè. Bí wọ́n ṣe ń fà á tó ń lọ sísàlẹ̀ ni mo ń rí omi mìíràn tó ń sun wọlé láti ihò àárín búlọ́ọ̀kù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, omi mímọ́, bí ìgbà tí wọ́n bá ń gbẹ́ kànga. Ọkùnrin tó di páìpù mú wò mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, omi ilẹ̀ nìyí o. Àfi kẹ́ ẹ máa pè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀." Ó gba 45,000. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, kòtò ti kún.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé lápá òkè, lọ́nà Ṣágámù lọ́hùn-ún, ẹ lè má mọ irú èyí. Sókáwéè, kòtò tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù to ni, tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ihò sílẹ̀ lára rẹ̀ kí omi ilé lè máa rìn wọ inú ilẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Nítòsí ọ̀sà, tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ á yó. Omi ilé ò ní ibi tó máa lọ mọ́, ti ilẹ̀ ni yóò máa wọlé wá bá a. Ní oṣù kìíní tí íńjíníà wá, omi ilẹ̀ ti lọ sísàlẹ̀, kò sì sẹ́ni tó wẹ̀ nínú ilé yẹn fún oṣù márùn-ún. Ó da omi sí tọ́lẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì, ó tú gbogbo ẹ̀rọ omi sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Omi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sínú kòtò gbígbẹ! Báwo ni kò ṣe ní lọ? Ohun tó kọ ni pé omi ń lọ geere. Kò purọ́. Ó lọ geere lọ́jọ́ yẹn. Ìdílé ẹlẹ́ni mẹ́fà tó ń fọ aṣọ ní Sátidé ni kò dán an wò.

Ìyá ẹlẹ́kọ iwájú ilé wa bi mí pé oṣù wo ni wọ́n wá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní oṣù kìíní. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ da ẹ̀kọ nù níbi tó ti ń rẹ́rìn-ín. "Oṣù kìíní! Ilé wo ni kì í dáa lóṣù kìíní?"

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ ka ojú ìwé 36. Lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ti ìyókù lọ. Ohun tó wà níbẹ̀, ká fi èdè wa sọ ọ́, ni pé wọn ò ṣí ohunkóhun tí wọ́n bá ti bò, wọn ò gbé ẹrù kúrò níbi tó wà, wọn ò gẹ́ ògiri, wọn ò gbẹ́ ilẹ̀, wọn ò sì sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Tí àṣìṣe bá sì wà, owó tí mo san fún wọn nìkan ni wọ́n lè dá padà.

"Wọn ò gbé ẹrù kúrò." Wọ́dúróòbù ńlá kan wà nínú yàrá kejì tí bàbá fi sílẹ̀ fún wa, a tiẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn. Lóṣù keje, aṣọ inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bu. A pe ọkùnrin mẹ́ta, a sún un. Láti ilẹ̀ títí dé orókún mi, ògiri ti ṣí bí awọ ẹran tí wọ́n fi iná jó. Ọ̀dà rẹ̀ wú jáde, lẹ́búlẹ́bú funfun bí iyọ̀ ń já bọ́ tí mo bá fi ọwọ́ pa á. Búlọ́ọ̀kù tí kò ní nǹkan tó dáàbò bò ó lẹ́sẹ̀, ńṣe ló máa ń fa omi ilẹ̀ sókè bí òwú àtùpà ṣe ń fa epo. Àwọn ògiri yòókù tí íńjíníà fi ẹ̀rọ gún, wọ́n gbẹ, ọyẹ́ sì tún wà nílé. Èyí tí wọ́dúróòbù dúró níwájú rẹ̀ ni kò gún. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ ṣá, lójú ìwé 19: "a kò lè dé ẹ̀yìn wọ́dúróòbù." Mo ti kà á rí. Mo kàn kọjá lórí rẹ̀ ni. (Ti ikán òrùlé, ọ̀rọ̀ kan náà ni: POP ló bo gbogbo àjà, ihò kan ṣoṣo lókè balùwẹ̀ ló ti yọjú wò ó.)

Mo pè é. Mi ò pariwo. "Íńjíníà, ṣé ẹ rántí ilé Ẹbúte?" Ó ní, "Ẹ kú ilé tuntun, sà." Mo ròyìn. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Mi ò lè fọ́ ilé onílé, sà. Lọ́jọ́ tí mo wá, kì í ṣe ilé yín. Ká ní mo gẹ́ ògiri bàbá yẹn, tẹ́ ẹ wá ní ẹ ò rà mọ́ ńkọ́, ta ni yóò rẹ́ ẹ padà?" Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, mi ò sì rí èsì fún un. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni ojú ìwé àkọ́kọ́, níbi tí wọ́n fi àmì aláwọ̀ ewé sí pé ilé náà dára láti rà. Kí ló dé tí àmì yẹn wà níwájú, gbàgàdà, tí "a kò ṣí, a kò gbé, a kò gbẹ́" wá wà ní 36? Àti pé gbólóhùn kan ṣoṣo ni mò ń wá nínú ojú ìwé 38, mi ò rí i: pé ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, pé ilé náà sì ṣófo. Ká ní mo rí i, ǹ bá bẹ ìyá ẹlẹ́kọ wò kí n tó kówó sílẹ̀. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó ní òun máa fi kún un.

Ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Lóṣù kẹjọ tí òjò sinmi díẹ̀, CDA, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa, ní ká gbẹ́ gọ́tà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Alága wá pẹ̀lú okùn àti àwọn ọmọ tó ń gbẹ́lẹ̀. Wọ́n ta okùn láti òpin àdúgbò, ó ń bọ̀ ní tààrà, ó gba inú fẹ́ǹsì wa wọlé, ó sì kọjá lórí ìdérí sókáwéè. Èmi náà sáré lọ gbé ìwé awọ̀nlẹ̀. A wá píílà iwájú títí, a bá a lábẹ́ koríko, nínú fẹ́ǹsì, nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Bàbá ti mọ fẹ́ǹsì sórí ilẹ̀ títì, ó sì gbẹ́ sókáwéè sí àárín píílà àti fẹ́ǹsì.

Awọ̀nlẹ̀ ní ilé wà láàárín píílà, bẹ́ẹ̀ náà ni. Íńjíníà ní sókáwéè wà níwájú ilé, nínú fẹ́ǹsì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọ̀kan ò wo kòtò, èkejì ò wo píílà. Èmi tí ìwé méjèèjì wà lọ́wọ́ mi, inú fáìlì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni mo kó wọn sí, mi ò sì tẹ́ wọn síbi kan náà rí.

A wó fẹ́ǹsì, a dí kòtò yẹn pa. Èyí tuntun wà lẹ́yìn ilé, a gbé e ga sórí ilẹ̀, a da yanrìn àti gíránáìtì yí i ká kí omi lè ní ibi gbígbẹ tó máa gbà. Mílíọ̀nù 1.4, pẹ̀lú ògiri yàrá tí a gẹ́ tí a tún rẹ́. Nínú mílíọ̀nù méjì àbọ̀ tí mo nà kúrò lórí ilé, ẹ bá mi yọ ọ́. Wáyà tí íńjíníà rí, mo ti pààrọ̀ rẹ̀ kí a tó kó wọlé, AC ń ṣiṣẹ́, nǹkan kan ò jó. Ìyẹn náà wà nínú ìṣirò mi, òun ni ìràwọ̀ kẹta tí ìyàwó mi ò fẹ́ kí n fún wọn.

Àbúrò mi ti rí ilé kan ní Àgbádárìgì, nítòsí omi náà, ilé òfìfo. Ó bi mí pé ta ni kí òun gbé iṣẹ́ fún. Íńjíníà yìí kan náà ni mo júwe fún un. Oṣù keje tó ń bọ̀ ni wọ́n jọ fàdéhùn sí, ẹni tó ń ta ilé ti gbà kí wọ́n sún ẹrù, àbúrò mi sì ti háyà ọkọ̀ omi kan tí wọ́n máa tú sínú balùwẹ̀ láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Awọ̀nlẹ̀ náà máa wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.