Ẹ̀rọ tó ń fi iná mú ọrùn kéèsì rọ̀: bó ṣe bá mi yanjú ọ̀rọ̀ idẹ tó ń là

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti ń lo ẹ̀rọ yìí, tó ń mú ọrùn kéèsì rọ̀ (kéèsì ni agolo idẹ tóóró tó ń gba ẹ̀tù ìbọn, tí ọta ń jókòó sí ẹnu ẹ̀), mi ò fẹ́ sọ nǹkan kan nípa ẹ̀ àfi tí mo bá lò ó débi tó máa fi àléébù ẹ̀ hàn mí. Oníná mànàmáná ni, kì í ṣe ti tọ́ọ̀ṣì gáàsì, wáyà bàbà tí wọ́n ká roboto ló wà níwájú ẹ̀, o máa ki ẹnu kéèsì bọ àárín ẹ̀, o máa tẹ bọ́tìnnì, kó o tó ka ení èjì ẹ̀ta ọrùn kéèsì ti gbóná dé ibi tó yẹ.

Ohun tó lé mi dé ìdí ẹ̀ rèé. Ráífù tí mò ń lò, .375 Whelen ló ń jẹ, wildcat ni, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ kì í sábà ṣe é fún títà, fúnra ẹni lèèyàn ń ṣe kéèsì ẹ̀: wàá mú ti .30-06, irú kéèsì ráífù kan tó wọ́pọ̀, wàá wá fẹ ọrùn ẹ̀ kó lè gba ọta tó nípọn tó mìlímítà 9.5 dípò 7.8. Èèyàn á ní kí ló wà níbẹ̀, àmọ́ ó ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ tí ò ń fi kún fífẹ̀ ọrùn yẹn, idẹ tó bá ti gan ò ní gbà fún ẹ. Ogún ni mo kọ́kọ́ ṣe, méje là mọ́ mi lọ́wọ́. Mo máa fa ọwọ́ prẹ́ẹ̀sì, ẹ̀rọ tó ń ti kéèsì wọ inú dáì, wálẹ̀, á máa lọ pẹ̀lú agbára díẹ̀ bó ṣe yẹ, ó kàn máa dẹ̀ lójijì ni, bí ìgbà tí okùn já, tí mo bá yọ kéèsì wò mo máa rí ìlà kan tó tín-ín-rín bí irun láti ẹnu ẹ̀ lọ sí èjìká (ibi tí kéèsì ti ń fẹ̀ lábẹ́ ọrùn), tí mo bá fi èékánná gbá a kọjá, èékánná á kọ́.

Dáì, irin tó ń yí ọrùn kéèsì padà, ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo nù ún, mo dán an, mo pààrọ̀ òróró tí mò ń fi pa inú ọrùn, ó tún ń là. Ìgbà tí mo fi han ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, kò tiẹ̀ wo dáì. Ó ní, "Ṣé o mọ iye ìgbà tí wọ́n ti yìnbọn pẹ̀lú kéèsì wọ̀nyí?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀, mo ṣà wọ́n jọ ni." Ó ní, "Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

Idẹ kéèsì, bàbà ìdá 70 àti síǹkì ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni, gbogbo ìgbà tí ìbọn bá dún ọrùn ẹ̀ máa fẹ̀, dáì á tún fún un padà, ó ń le sí i nìyẹn, bí ìgbà téèyàn ń tẹ wáyà síwá sẹ́yìn títí tó fi kán. Iná ló ń mú un rọ̀ padà. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá tì í bọ omi ó máa le o, irin alágbẹ̀dẹ nìyẹn, idẹ ò rí bẹ́ẹ̀, omi kàn máa mú un tutù ni.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ àléébù ẹ̀rọ yìí. Ìwé tó bá a wá ní kí n fi nọ́ńbà tó wà lára ẹ̀ sí 4 fún .30-06. Mo fi sí 4, ẹnu kéèsì pọ́n rẹ̀rẹ̀, nígbà tó tutù mo fi ìka méjì tẹ ọrùn ẹ̀, ó tẹ̀ wọlé bí ike, ó bà jẹ́ nìyẹn. Mo padà sí 3, kò tó. Kò sí nǹkan kan láàárín 3 àti 4! Ó dùn mí gan-an, torí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ohun tí mo ṣe ni pé mo fi òrùka pẹlẹbẹ kan sábẹ́ ibi tí kéèsì ń jókòó sí kó lè ga sókè díẹ̀, mo wá ra ọ̀dà tó máa ń yọ́ tó bá ti gbóná dé bíi 400°C, mo kùn ún sínú ọrùn, mo tún fa ìlà ẹ̀ sí ara kéèsì nísàlẹ̀ èjìká. Tinú ọrùn gbọ́dọ̀ yọ́, tìsàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ yọ́. Ìdí kéèsì ni kẹ́ ẹ ṣọ́ jù, ibẹ̀ ló ń gba agbára ìbúgbàù, tó bá fi lè rọ̀, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ìwé wọn ò sọ̀rọ̀ nípa èyí rárá, kò dáa.

Ẹ tún mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo lílà ni ẹ̀rọ yìí máa wò sàn. Tó bá jẹ́ pé òbírí ló là yí kéèsì ká nítòsí ìdí, ọrùn kọ́ nìyẹn, kéèsì ń fà gùn nínú ìbọn torí èjìká ẹ̀ ò fara ti ibì kankan. Tó bá sì jẹ́ pé inú dúrọ́ọ̀ ló ti ń là fúnra ẹ̀, ẹ wo nǹkan tẹ́ ẹ fi ń fọ̀ ọ́ bóyá amóníà wà nínú ẹ̀. Láyé ọdún 1800 ọ̀hún, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà kó ọta sí ilé ẹṣin lásìkò òjò, kéèsì ń là níbi tí wọ́n tò ó sí, amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin ni, ọdún 1921 ni wọ́n tó rídìí ẹ̀.

Ní báyìí mo máa ń fi iná mú un rọ̀, mo máa fẹ̀ ẹ́ dé .338 íǹṣì, mo máa fẹ̀ ẹ́ dé .358, lẹ́yìn náà .375, mi ò kánjú mọ́. Nínú àádọ́ta tí mo ṣe gbẹ̀yìn, ẹyọ kan ló là, mo sì ti rí i tẹ́lẹ̀ pé ẹnu ẹ̀ ti ní àpá kékeré kan níbi tó ti kọ lu nǹkan, ibẹ̀ gan-an ni ìlà yẹn ti bẹ̀rẹ̀.