Bàtà Bọ́síkọ́rọ̀ Lẹ́sẹ̀ Ẹni Tó Ń Dá Sáré Ọ̀nà Jíjìn: Èyí Tó Yè àti Òkú Tí Wọ́n Wẹ̀

Ẹsẹ̀ ni ọmọdé kọ́kọ́ ń wò lára ẹni tó ń sáré bọ̀. Bí ẹnì kan bá dá gbéra ní Ṣàgámù ní ìdájí, tó gba Ìkẹ́nnẹ́ já sí Ilíṣàn, tó ń yà sílé-ìwé lójú ọ̀nà kí àwọn ọmọ lè bá a sá díẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni pé: "Bọ̀dá, èló lẹ ra bàtà yín?" Bí èsì bá jẹ́ owó tó tó san owó ilé-ìwé táàmù méjì, eré sísá ti di nǹkan olówó lójú wọn nìyẹn, ìwúrí tó ṣẹ́kù ti di ariwo ọjà. Ìdí nìyẹn tí a fi pa bàtà inú páálí tì, tí a gbé bàtà bọ́síkọ́rọ̀ yẹ̀ wò, irú àlòkù òkè òkun tí wọ́n ń tò sórí tábìlì ní Òkè-Àjẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òdé, tàbí ní Sábó ní Ṣàgámù.

Ó ṣeé sá. Ẹ jẹ́ ká ti sọ ìyẹn. Èyí tó bá yè nínú wọn sàn ju bàtà tuntun ayédèrú lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n oríṣi méjì ló wà lórí tábìlì kan náà: èyí tó ṣì wà láàyè, àti òkú tí wọ́n wẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó ń rà á ló kù sí láti yà wọ́n sọ́tọ̀.

Nígbà tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ gbé e, ẹ má wo òkè rẹ̀ rárá. Fóòmù tó wà láàárín aṣọ òkè àti rọ́bà ìsàlẹ̀ ni bàtà. Ìyókù, ọ̀ṣọ́ ni. EVA ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù, ìyẹn fóòmù tó kún fún ihò afẹ́fẹ́ tíntìntín. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá balẹ̀ ni àwọn ihò yẹn ń fún pọ̀. Bó bá yá, ògiri wọn á wó, wọn ò sì ní í dìde mọ́. Àwọn asáré máa ń ka ẹ̀mí bàtà sí nǹkan bíi kìlómítà 500 sí 800. Russ Cook, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó sáré láti ìpẹ̀kun gúúsù Áfíríkà dé Tùnísíà, tó gba Nàìjíríà kọjá, tó sì parí rẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2024 lẹ́yìn ọjọ́ 352, sá ju kìlómítà 16,000 lọ. Ẹ fi 800 pín in, ẹ ó rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ bàtà kan tàbí márùn-ún. Ẹ wá rò ó wò: òyìnbó tó ń sáré kì í dúró kí bàtà ya kó tó bọ́ ọ sílẹ̀. Nígbà tí fóòmù bá ti kú ló ń fi í tọrẹ, tí òkè rẹ̀ ṣì ń dán gbinrin. Ìyẹn ló fà á tí èyí tó rẹwà jù lórí tábìlì fi lè jẹ́ èyí tó ti sáré jù. Bàtà tó ní ìdọ̀tí díẹ̀ lókè, àmọ́ tí ojú rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ kò tíì jẹ, ló sábà máa ń sàn jù.

Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ fóòmù náà láti ẹ̀gbẹ́, níbi gìgísẹ̀. Ẹ ka ení, èjì, kẹ́ ẹ tú u sílẹ̀. Èyí tó yè á wọlé díẹ̀, á sì padà kíá bíi búrẹ́dì Àgége tó jáde lónìí. Èyí tó le bí igi, tàbí tí ojú àtàǹpàkò ṣì hàn lára rẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ tún wo àwọn ilà tó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gìgísẹ̀, tó hun jọ bí iwájú orí arúgbó. Ilà kan tàbí méjì kò burú. Bó bá ti tò lé ara wọn, fóòmù yẹn ti fún pọ̀ tán.

Àwọn bàtà ọlọ́jọ́ pípẹ́ kan wà tí wọ́n fi polyurethane ṣe fóòmù wọn. Ọ̀tá tiwọn ni ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, a ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ní í máa sọ bí ọ̀rinrin ṣe pọ̀ tó níhìn-ín. Ó lè wà nínú bélì ẹrù fún ọdún mélòó kan láìsí ẹni tó wọ̀ ọ́, kó máa dán, kó sì jẹ́ pé kìlómítà méjì péré lẹ máa sá tó fi máa rún bí àádùn. Ẹ fi èékánná họ ọ́ lábẹ́: bó bá ń bọ́ bí ìyẹ̀fun, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sá fún un. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ló ń tẹ oṣù àti ọdún tí wọ́n ṣe bàtà sára lébẹ́ẹ̀lì abẹ́ ahọ́n rẹ̀. Èyí tó bá ti lé ní ọdún mẹ́fà tàbí méje, a kì í bá wọn ná an mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ọwọ́ kan di gìgísẹ̀ bàtà mú, kẹ́ ẹ fi ìkejì tẹ imú rẹ̀ sókè. Ibi tí àwọn ọmọ ìka ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó ti ká. Bó bá ká ní àárín gbùngbùn, níbi kòtò àtẹ́lẹsẹ̀, bàtà ìgbafẹ́ ni, tàbí kó jẹ́ pé ohun tó gbé e dúró nínú ti dá. Ẹ lọ́ ọ bí ẹni ń fún aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣan. Kó gbà díẹ̀, kó má gbà tán. Ẹ wá gbé méjèèjì kalẹ̀ lórí pákó tó tẹ́jú, kẹ́ ẹ lóṣòó wò wọ́n láti ẹ̀yìn. Bí gìgísẹ̀ ọ̀kan bá yẹ̀ sínú tàbí síta, ìrìn ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ lẹ fẹ́ gbé lé orúnkún ara yín. Lójú ọ̀nà wa, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Apá òsì ló yẹ kí ẹni tó ń dá sáré máa gbà, kó kọjú sí tírélà tó ń bọ̀, kó má kọ̀yìn sí i. Etí títì sì máa ń dà sí ọ̀nà gọ́tà kí omi lè ṣàn, nítorí náà ẹsẹ̀ òsì á máa balẹ̀ nísàlẹ̀ ju ọ̀tún lọ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Bàtà tó ti yẹ̀ tẹ́lẹ̀ á sọ ìdàgẹ̀rẹ̀ yẹn di ìrora lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún kó tó di pé ẹ dé Ilíṣàn.

Ẹ yọ awẹ́ pẹlẹbẹ tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú bàtà. Àwòrán ẹsẹ̀ ẹni àná wà lára rẹ̀: ibi tó jìn, ibi tí ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan sùn sí. Bí ojú ọmọ ìka bá ti kan etí awẹ́ náà, bàtà fún ẹni yẹn ni, ó sì ṣeé ṣe kí ó ti fẹ̀ láti inú. Ẹ ti ìka bọ ẹ̀yìn gìgísẹ̀ nínú, kẹ́ ẹ wá ibi tí aṣọ ti ya. Ihò tó tó ẹyọ àgbàdo níbẹ̀ á bó gìgísẹ̀ yín kó tó tó kìlómítà mẹ́wàá, kò sì sí ìránṣọ tó ń tún un ṣe dáadáa, torí ojú ìránṣọ náà á tún máa họ ẹsẹ̀. Awẹ́ àtijọ́ yẹn, ẹ jù ú nù, kẹ́ ẹ ra tuntun. Owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ara rẹ̀ sì ni kòkòrò tó ń fa èélá àárín ọmọ ìka pọ̀ sí jù.

Ti sáìsì: nọ́ńbà tí oníbàtà ń pè kò ní láárí, torí UK, US àti ti Yúróòpù wà lára lébẹ́ẹ̀lì kan náà, èyí tó bá bá ẹsẹ̀ yín mu ló máa pè. US 9 ti obìnrin kì í sì í ṣe US 9 ti ọkùnrin. Sẹ̀ǹtímítà ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ wọn ẹsẹ̀ nírọ̀lẹ́, nígbà tó bá ti wú díẹ̀, kẹ́ ẹ fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà kan lé e níwájú ọmọ ìka tó gùn jù.

"Ọ̀gá mi, fáàsì gíréèdì ni o, ẹ wo bó ṣe ń dán!" Oníbàtà ló ń wí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ lè ni. Ṣùgbọ́n ẹwà ni wọ́n fi ń pín gíréèdì, kò kan fóòmù. Bí ẹlẹ́ja dídì bá wà nítòsí, ẹ bẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ gbé ẹyọ bàtà kan lé ìwọ̀n rẹ̀ (ẹ tẹ́ ọ̀rá sí i o). Bàtà eré gidi tó jẹ́ sáìsì 42 tàbí 43 sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 230 sí 320. Èyí tó bá wọ 400, ó sábà máa ń jẹ́ ayédèrú tàbí bàtà ìrìn lásán. Bàtà tó ní eyín gàgàrà nísàlẹ̀ dára fún ọ̀nà ẹrẹ̀ pupa inú abúlé, àmọ́ eyín yẹn á tètè jẹ lórí ọ̀dà. Ti bọ́ọ̀lù aláfọwọ́jù àti kánfáàsì pẹlẹbẹ kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ibi tí bọ́síkọ́rọ̀ ti ń dójú tini jù, lẹ́yìn fóòmù, ni gọ́ọ̀mù. Ẹ fa imú sóòlù sẹ́yìn díẹ̀; bó bá la ẹnu, ó máa là á tán lọ́nà. Ẹ gbọ́ òórùn rẹ̀ pẹ̀lú: bó bá ń rùn gọ́ọ̀mù gan-an, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ni. Bẹ́ ẹ bá gbé e fún ṣúmékà, ẹ sọ fún un pé kó fi nǹkan họ ojú méjèèjì, kó fi gọ́ọ̀mù pa méjèèjì, kó sì fi sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí tí kò fi ní í tutù lọ́wọ́ mọ́, kó tó pa wọ́n dé. Ọ̀pọ̀ ló ń pa á dé nígbà tó ṣì tutù, ìyẹn ló fi ń ṣí. Ẹ jẹ́ kó sùn di ọjọ́ kejì kẹ́ ẹ tó wọ̀ ọ́. Ẹ má sì jẹ́ kó rán an yípo. Abẹ́rẹ́ á gún fóòmù, okùn á mú un le, omi á sì máa wọlé. Bó bá pọndandan, kó rán imú nìkan.

Oòrùn náà ń ba EVA jẹ́: ó máa ń súnkì. Bàtà tẹ́ ẹ fọ̀, tẹ́ ẹ sá sórí páànù lọ́sàn-án gangan, lè kúrú kó máa fún yín lọ́mọ ìka. Ọṣẹ, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ àti búrọ́ọ̀ṣì ti tó; ẹ kó ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e sábẹ́ ìbòji fún ọjọ́ méjì.

Kìlómítà mẹ́ta ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi sá, lẹ́yìn náà márùn-ún, mẹ́jọ, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ máa yẹ ẹsẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá gún yín ní mẹ́ta, kò ní í tura ní ọgbọ̀n. Ìbọ̀sẹ̀ òwú máa ń mu òógùn, á sì fa ìléròrò. Èyí tó jẹ́ polyester sàn jù, kẹ́ ẹ sì fi òrí pa àárín ọmọ ìka. Bí èékánná bá ń dúdú, iwájú ni ẹsẹ̀ ń yọ̀ lọ nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, okùn ló sì máa tún un ṣe. Ẹ ti okùn bọ ihò tó kẹ́yìn lókè ní ẹ̀gbẹ́ kan náà, kó di òrùka kékeré lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ gba orí okùn ọ̀tún kọjá nínú òrùka òsì, ti òsì nínú òrùka ọ̀tún, kẹ́ ẹ fà á sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tó so ó. Gìgísẹ̀ á dúró pinpin.

Ó wá ku àwọn ọmọ. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ ni pé kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa lo ara rẹ̀ dáadáa fún ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́. Ìyẹn kò béèrè bàtà asáré. Ìlú Stirling ní Scotland ni Elaine Wyllie, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ The Daily Mile ní 2012: ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́, pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn. Bí asáré bá ya ilé-ìwé kan ní Ìpẹru tàbí Òde-Rẹ́mọ, kìlómítà kan lórí pápá koríko ti tó wọn. Ọmọ tí kò ní bàtà lè fi ẹsẹ̀ lásán sá a níbẹ̀ bí olùkọ́ bá ti ṣa ìgò fífọ́ àti ìṣó kúrò. Lórí ọ̀dà gbígbóná, rárá.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ra bọ́síkọ́rọ̀ fún ọmọ, ẹ ṣọ́ra ju ti àgbà lọ. Èyí tí ojú ẹsẹ̀ ọmọ mìíràn ti jìn nínú rẹ̀, ẹ má rà á, torí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì gbó. Àwọn òbí wa fẹ́ràn èyí tó tóbi, "kó lè pẹ́ lẹ́sẹ̀ ẹ̀." Ìbú àtàǹpàkò kan níwájú tọ̀nà. Bó bá di méjì, ẹsẹ̀ á máa yọ̀ nínú rẹ̀, imú bàtà á máa kọ ilẹ̀, ọmọ á sì ṣubú. Ẹ gbé ọmọ dúró lórí ìwé nírọ̀lẹ́, kẹ́ ẹ fi bírò fa ilà yí ẹsẹ̀ méjèèjì ká, ẹ fi ìbú àtàǹpàkò lé e níwájú, kẹ́ ẹ gé e. Ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ mú lọ sọ́jà. Èyí tó bá wọ inú bàtà láìká létí ni kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ná, kẹ́ ẹ sì wọn ẹsẹ̀ rẹ̀ tuntun lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.