Ìkìlọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ra katakata àlòkù ní Òṣogbo

Ẹ̀yin ará Òròkí, ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń wá katakata rà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń bá ara mi jà pé kí n dákẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ pé wọ́n lu àgbà ọkùnrin bíi tèmi ní jìbìtì. Ṣùgbọ́n lánàá ni mo gbọ́ pé ọkùnrin náà tún ti gbé òmíràn sílẹ̀ tó fẹ́ tà. Ìyẹn ni mi ò lè mú mọ́ra.

Massey Ferguson 135 ni mo rà. Àgbẹ̀ wo ni kò mọ̀ ọ́n? Ẹ́ńjìnnì Perkins, sílíńdà mẹ́ta, dísẹ́ẹ̀lì. Láti 1964 ni wọ́n ti gbé e jáde, ó sì ṣì ń túlẹ̀ títí dòní, torí pé mẹkáníìkì tó bá mọ iṣẹ́ á tún un ṣe lábẹ́ igi. Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ ẹ nìyẹn. Kì í ṣe ojúkòkòrò o, mo fẹ́ kó yé yín. Ẹni tó bá ní oko éékà méje lọ́nà Ìkìrun, tó jẹ́ pé lọ́dọọdún ló ń bẹ àwọn onítúlẹ̀ tí wọn kì í dé àfi ìgbà tí ilẹ̀ bá ti kún fún koríko, òun náà á ṣe ohun tí mo ṣe.

₦4,200,000 ni mo kà fún un. Owó kọ́párétíìfù wà nínú rẹ̀, owó àgbàdo ọdún méjì wà nínú rẹ̀, ₦350,000 tí ìyàwó mi yọ nínú owó ọjà rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Ìyàwó mi yìí kan náà ló ní kí n mú mẹkáníìkì dání. Ẹ̀ẹ̀mejì ló sọ ọ́. Mo ní kò pọn dandan, pé èmi náà mọ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fi ẹnu ara mi sọ yẹn ni kì í jẹ́ kí n sùn lóru.

Ọkùnrin náà kò tíì pé ogójì ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ kí mi, ó ní kí wọ́n ra ẹlẹ́rìndòdò fún mi, "Dádì" ló sì ń pè mí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Dádì, ti 1985 ni, láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ti wá tààrà." Irọ́! Wọn kò ṣe 135 mọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí 1985 fi dé. Katakata náà pupa, ó ń dán, kódà ẹ́ńjìnnì rẹ̀ pupa. Ẹ́ńjìnnì 135, àwọ̀ eérú ló máa ń ní láti ilé iṣẹ́, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti máàdígáàdì ló máa ń pupa. Ó yẹ kí n bi ara mi pé kí ni wọ́n ń fi ọ̀dà bò. N ò bi ara mi.

Ó sítáàtì rẹ̀, ó gùn ún yí ọgbà ká lẹ́ẹ̀mẹta. Gbogbo rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú 15, kò sì so nǹkan kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo wo gééjì ìgbóná, abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà níbi tútù, kò mira. Inú mi dùn! Mo tún ń yìn ín pé ẹ́ńjìnnì yìí tutù dáadáa. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ẹ ṣé, Dádì." Ẹni tó mọ̀ pé wọ́n ti gé gééjì náà lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ló ń wò mí lójú bẹ́ẹ̀.

A gbé e dé oko ní ọjọ́ kẹta. Kò tíì túlẹ̀ tó ìdajì wákàtí tí ooru funfun fi bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú rẹ̀. Dẹ́rẹ́bà pa á, a jókòó sábẹ́ igi kaṣú fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kó tó tutù tí a fi bu omi sí i. A tún bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 20, ó tún hó. Bẹ́ẹ̀ ni fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Mo ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ kí n bá wọn túlẹ̀. Wọ́n dúró sí etí oko, wọ́n ń wò mí.

Mo ra bẹ́líìtì fáànù tuntun. Mo pààrọ̀ rọ́bà omi ti òkè àti ti ìsàlẹ̀. Mo fọ koríko àti erùpẹ̀ tó dí ojú rédíétọ̀. Pàbó ni gbogbo rẹ̀.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ pe ẹni tó yẹ kí n ti mú dání láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Mẹkáníìkì náà kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ́ńjìnnì ṣì tutù, ó ṣí ìdérí rédíétọ̀, ó bu omi kún un dé ẹnu, ó sítáàtì rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ wá wò ó." Omi náà ń ho kùtù bí ẹ̀kọ orí iná, bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì kò tíì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní afẹ́fẹ́ inú sílíńdà ló ń gba inú omi jáde. Ó fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ, ọ́ìlì ti rí bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí, omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ló fi ẹnu sìkúrúdíráfà ha ọ̀dà etí tọ́ọ̀pù sílíńdà, irin tó bo orí ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dà pupa náà ṣí bí ìpẹ́ ẹja, gọ́ọ̀mù dúdú yọ lábẹ́ rẹ̀, ó rọ̀, ó gùn láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Gọ́ọ̀mù! Wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹ́ńjìnnì tí mo fi ₦4,200,000 rà.

Nígbà tó tú u, tọ́ọ̀pù sílíńdà ti sán láàrin sílíńdà kejì àti ìkẹta, ojú ibi tó sán sì ti dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n ti yọ tọ́mósítáàtì tó ń darí bí omi ṣe ń lọ sí rédíétọ̀, kò sí nǹkan kan nínú ilé rẹ̀. Nínú rédíétọ̀, funfun ẹyin ló dì mọ́ àwọn ihò tí omi ń gbà. Ẹyin adìẹ ni wọ́n dà sínú omi kó lè dí ibi tó ń jò títí wọ́n á fi gbowó.

Mo pe ọkùnrin náà. Ó ní èmi ni mo da omi tútù sí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Òótọ́ ni pé ìyẹn lè sán tọ́ọ̀pù sílíńdà. Ṣùgbọ́n a ò ṣe é! Wákàtí kan àti ààbọ̀ ni mo sọ pé a fi dúró. Ṣé omi tútù ló kun gọ́ọ̀mù ni? Ṣé omi tútù ló fọ́ ẹyin sí rédíétọ̀? Ó ní ó wà nínú rìsíìtì pé owó tí a bá ti san, kò sí ìdápadà. Mo tún un pè, mo gbọ́ tó ń sọ fún ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Bàbá yẹn ló tún pè." Kì í ṣe Dádì mọ́.

Èmi ò gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́ nínú àwọn tó ń ta katakata àlòkù. Ẹ lè ní kì í ṣe gbogbo wọn. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èwo nínú wọn ló rí ohun tó ń lọ tó la ẹnu?

Ẹ mú mẹkáníìkì dání. Ẹ so ohun ìtulẹ̀ mọ́ ọn, kó túlẹ̀ fún wákàtí kan lójú yín, kí ẹ sì rí i pé abẹ́rẹ́ gééjì ń gbéra. Ẹ ṣí rédíétọ̀ nígbà tó bá tutù nìkan, ẹ má dán an wò tó bá gbóná, ó lè bó èèyàn lójú. Ẹ wo ọ́ìlì. Tí tẹni tó ti rà tẹ́lẹ̀ bá ń gbóná, kó kọ́kọ́ wo koríko ojú rédíétọ̀, bẹ́líìtì fáànù àti páǹpù omi kó tó gbà kí ẹnikẹ́ni tú ẹ́ńjìnnì.

Tọ́ọ̀pù sílíńdà mi ṣì wà nílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, mo ṣì jẹ àgbẹ̀ méjì lówó. Èyí tó tún gbé sílẹ̀ báyìí, wọ́n ní pupa ni, wọ́n ní ẹ́ńjìnnì rẹ̀ náà pupa. Ẹni tó bá dé ibẹ̀, kó fi èékánná họ etí tọ́ọ̀pù sílíńdà rẹ̀ kó tó gba ẹlẹ́rìndòdò lọ́wọ́ rẹ̀.