Ouija: Origin of Evil, apá kejì tó ju àkọ́kọ́ lọ fíìfíì

Àbúrò mi obìnrin ló gbé fíìmù yìí wá bá mi ní Ṣàgámù nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo ti wo Ouija àkọ́kọ́ tó jáde ní 2014. Ariwo gbàù lójijì ló kún inú ẹ̀, n kò rántí orúkọ ẹnì kan níbẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ogún ìṣẹ́jú péré." Mo rẹ gàrí Ìjẹ̀bú, mo jókòó tì í. Ìgbà tí mo fi máa rántí abọ́ mi, gàrí ti wú, ó ti fa omi tán.

Mike Flanagan ló darí èyí, 2016 ló jáde. Ìtàn rẹ̀ ṣáájú ti àkọ́kọ́, ẹni tí kò wo ìyẹn ò ní sọnù. Los Angeles ni, lọ́dún 1967. Alice, opó ọlọ́mọ méjì, ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ bá òkú wọn sọ̀rọ̀. Irọ́ ni, àwọn ọmọ rẹ̀, Lina àti Doris, ló ń fara pamọ́ bá a dá ọgbọ́n rẹ̀. Síbẹ̀ kì í ṣe ọ̀dájú, ó gbà pé ìtùnú lòun ń fún wọn. Gbèsè ilé ti wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ló bá ra pátákó Ouija, èyí tí wọ́n kọ lẹ́tà sí lára tí wọ́n ní a lè fi bá òkú sọ̀rọ̀, kún idán rẹ̀. Doris, èyí àbúrò, tí àárò bàbá rẹ̀ tó ti kú ń sọ, ló gbọ́wọ́ lé e.

Flanagan kò kánjú dẹ́rù bà wá. Ó jẹ́ ká jókòó nínú ilé wọn, ká mọ bí wọ́n ṣe ń ṣàwàdà, bí wọ́n ṣe ń jà. Mo ti fẹ́ràn wọn kí nǹkan tó bàjẹ́, ìdí nìyẹn tí àyà mi fi ń já. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí Orò bá jáde, ìyá mi á ti ilẹ̀kùn, àwa obìnrin á jókòó sínú òkùnkùn, a ó máa gbọ́ ọ. A ò rí nǹkan kan, ìyẹn gan-an ló ń kó jìnnìjìnnì bò wá. Irú ẹ̀rù yẹn ni mo bá níbí.

Lulu Wilson ló ṣe Doris. Ibì kan wà tó ti ń ṣàlàyé fún Mikey, ọmọkùnrin tí ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fà sí, bó ṣe ń rí lára ẹni tí wọ́n bá ń fún lọ́rùn pa. Ohùn pẹ̀lẹ́, ẹ̀rín músẹ́, bí ọmọ tó ń ka iṣẹ́ àmúrelé fún tíṣà. Mo dá a dúró, mo mu omi. Ẹ tún kíyè sí Father Tom, àlùfáà Kátólíìkì tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé àwọn ọmọ náà. Henry Thomas ló ṣe é, ọmọdékùnrin inú E.T. ọdún 1982. Ó bi Doris ní ọ̀rọ̀ nípa ìyàwó rẹ̀ tó ti kú, ó wá rí i pé ohun tí òun fúnra òun ń rò lọ́kàn lọmọ náà ń sọ jáde. Kò sí ìyàwó kankan níbẹ̀.

Apá ìparí ló dùn mí. Ẹnu Doris tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà là gbàgà kò bá ìyókù mu. Ojú ọmọ yẹn nìkan ti tó. Ìtàn dókítà ìkà tó lo abẹ́ ilé náà sì yára jù. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé wò ó o.

Nígbà tó parí, àbúrò mi ò pa kọ̀ǹpútà. "Àǹtí mi, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni Alice, ṣé ẹ ò ní béèrè Bàbá wa?" N kò dá a lóhùn. Mo dìde lọ wò bóyá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní títì.